Alága Tó Lọ Wá Ẹgbẹ́ Keje

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ? Àwọn kan á sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ìṣirò ni. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, Ìdí-Ìyeyè ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Ẹgbẹ́ mẹ́fà péré ló ń gbá líìgì agbègbè yẹn nígbà náà. Ẹgbẹ́ Ẹkùn ti Ìdí-Ìyeyè ló máa ń ṣe ipò kẹfà lọ́dọọdún. Kò dun ẹnikẹ́ni, torí kò sí ìpele mìíràn nísàlẹ̀ tí wọ́n lè já sí. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn wà lára mẹ́fà tó dára jù lágbègbè.

Àfi ọdún tí Ìyáàfin Adégòróyè, akọ̀wé líìgì, kéde pé wọ́n ti dá ìpele kejì sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá sì kẹ́yìn ló máa já sí i. Kábíyèsí Ìdí-Ìyeyè gbọ́. Ó ní bí Ẹkùn bá já, òun á gba pápá òun padà, òun á fi gbin ẹ̀gẹ́.

Jìnnìjìnnì bá Alàgbà Ọ̀jẹ́lérè, télọ̀ tó jẹ́ alága ẹgbẹ́. Kóòṣì ní kí àwọn ọmọ máa sáré láàárọ̀.

Alága ní, "Eré wo? Ọgbọ́n ló kù. Ẹ jẹ́ ká wá ẹgbẹ́ keje tó mẹ́hẹ ju tiwa lọ. Òun ni yóò kẹ́yìn."

Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Akúrò, abúlé àwọn adẹ́mu. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù rọ́bà. Bàbá Lágbàyí, olórí wọn, ti hu ewú tán. Inú alága dùn.

"Bàbá, ẹ ò ṣe wá gbá líìgì?"

"Àwa kẹ̀? A ò ní jẹ́sì, a ò sì mọ ìwé í kọ."

"Màá rán jẹ́sì fún yín. Màá bá yín kọ lẹ́tà."

Ó rán jẹ́sì, ó kọ lẹ́tà, ó wá gba ààfin lọ.

"Kábíyèsí, ẹ fọkàn balẹ̀. Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà? Èje ni. Èje yẹn ló máa já."

Àmọ́ lẹ́tà náà ti dùn jù. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò yẹ kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ abúlé kankan tó bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ìgbìmọ̀ líìgì pàtẹ́wọ́, wọ́n sọ ọ́ dòfin. Kí oṣù tó parí, ẹgbẹ́ méje mìíràn ti kọ̀wé wọlé: àwọn afọ́kúta, àwọn awakọ̀ tírélà, àwọn tíṣà pàápàá. Líìgì di ẹgbẹ́ mẹ́rìnlá.

Alága sáré lọ bá akọ̀wé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní lọ́kàn."

"Ṣebí ọwọ́ yín ló kọ lẹ́tà yìí?" Akọ̀wé tún ní, "Mẹ́rìnlá ti pọ̀ jù fún ìpele kan. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ló máa dúró. Gbogbo èyí tó bá wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ìpele kejì."

Akúrò ni Ẹkùn kọ́kọ́ pàdé. Ẹsẹ̀ tó ti ń gun ọ̀pẹ láti kékeré! Bàbá Lágbàyí fò sókè, ó pẹ́ kó tó sọ̀. Ó fi orí kan góòlù mẹ́ta.

Làmídì, gólì Ẹkùn, ní, "Ó dúró lókè, ó ń wo ibi tó máa gbé e sí."

Àwọn afọ́kúta ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n gbá ti àkọ́kọ́, àwọ̀n ya. Látìgbà náà ni Làmídì ti ń yà fún bọ́ọ̀lù bí ẹni yà fún mọ́tò.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pàdánù lọ, títí ó fi ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, pẹ̀lú àwọn tíṣà. Ẹni tó bá pàdánù ló máa kẹ́yìn pátápátá. Àwọn tíṣà ò ju mẹ́jọ lọ, mẹ́ta ń wúkọ́. Ó ku ìṣẹ́jú méjì, òdo sí òdo, ni tíṣà àgbà kan bá gba bọ́ọ̀lù. Ó rí i pé òun ló kọ́ gbogbo àwọn ọmọ Ẹkùn níléèwé. Ó pariwo pé, "Ẹ dúró jẹ́ẹ́!"

Gbogbo wọn dúró ṣánṣán, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Làmídì tiẹ̀ ní, "Ẹ káàsán, sà." Bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri wọlé.

Kábíyèsí ránṣẹ́ pe alága. "Ọ̀jẹ́lérè, ipò wo lẹ ṣe?"

Alága dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìkẹrìnlá ni, Kábíyèsí."

"Ṣebí èje lo sọ fún mi?"

"Kábíyèsí, mo ka ẹ̀fà, mo ka èje, mi ò bojú wẹ̀yìn."

Kábíyèsí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó yọ̀ǹda ìlàjì pápá fún wọn, ó gbin ẹ̀gẹ́ sí ìlàjì yòókù. Nínú ẹ̀gẹ́ ni Làmídì ti ń ṣọ́ góòlù títí dòní.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ka nǹkan dé ẹ̀fà, tó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ rọra fà á létí: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.