Kíátékà Tó Fẹ́ Kó Ti Ìsàlẹ̀ Mọ́ Tòkè

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Irọ́ ni. Ọwọ́ kíátékà ilé wa tó pẹpẹ, ó wọ kèrègbè, tó bá sì ń jáde bọ̀, á gbé kèrègbè ọ̀hún dání.

Ẹ bá mi kí i kó tó kọjá: Kíátékà, ọkọ kọ́kọ́rọ́! A-dún-wọ̀ǹwọ̀-bí-ẹṣin-ọba! A-rí-garawa-onígarawa-rẹ́rìn-ín! Kọ́kọ́rọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló so mọ́ ìgbànú. Ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án péré ló wà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, mo kà á fúnra mi. Ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún, èyí tí wọ́n fi ń ṣí agolo sàdíìnì ni. Ìwúwo wọn ti ń fa ṣòkòtò rẹ̀ wálẹ̀ débi pé ọwọ́ òsì ló fi ń dì í mú tó bá ń rìn, kí ọwọ́ ọ̀tún lè ráyè ṣiṣẹ́.

Ìyá onílé ló fi í síbẹ̀ nígbà tó fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà fún un, ìlà kan péré: ìwọ ni kíátékà òkè. Àwa ará ìsàlẹ̀, ó ní òun á máa bójú tó wa fúnra òun, torí a ti pẹ́ lọ́dọ̀ òun.

Lẹ́tà yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkùnrin yìí fi jókòó tì í, ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ bí ẹni ń tú aago. Ó wá pe gbogbo ará òkè jọ sórí àtẹ̀gùn.

"Kíá," ó ní, "kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Wéré wéré ni," wọ́n dáhùn.

"Tékà ńkọ́? Ẹni tó ń mú nǹkan ni, lédè òyìnbó. Ẹ dà á pọ̀. Ẹni tó ń mú nǹkan wéré wéré! Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ o. Ìwé ni."

Ìwé ti sọ ọ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó mú fáànù. Ó mú áyọ́ọ̀nù. Ó mú agboòrùn lójú òjò. Ó mú ẹsẹ̀ kan bàtà olùkọ́ yàrá kẹta, ó fi ìkejì sílẹ̀, ó ní òun kì í ṣe ọ̀kánjúwà. "Mò ń tọ́jú ẹ̀ ni," ni orin rẹ̀. Yàrá rẹ̀ lẹ́bàá àtẹ̀gùn kún débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọlé, tó bá sì fẹ́ yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní láti kọ́kọ́ jáde síta ná. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ bomi sí i.

Mò ń fi rẹ́rìn-ín ni, títí ó fi kan aránṣọ. Ọjọ́ Túsìdeè ni, aṣọ ìyàwó sì wà nídìí maṣíìnì.

"Maṣíìnì yìí ti ń pariwo jù," kíátékà ní. "Ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ lọ tọ́jú ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó. Apá kan ṣoṣo ni mo tíì rán."

"Èwo? Ṣé èyí tí wọ́n máa wọ òrùka sí ni?"

"Ìyẹn ni."

"Ó ti parí nìyẹn."

"Ìgbà wo lẹ máa fún mi padà?"

"Fún ọ kẹ̀? Ṣé kíágífà ni wọ́n pè mí? Gífà ló ń fún ènìyàn ní nǹkan. Tékà ni mí!"

Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, tẹ́ẹ̀pù lọ́rùn, omi lójú. "Bàbá, bí mi ò bá rán aṣọ yìí, ta ló tún máa gbé iṣẹ́ fún mi? Kí ni mo máa fi bọ́ ọmọ méjì?"

"Nu ojú ẹ, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ òyìnbó ló gbé e gun òkè. Ọ̀rọ̀ òyìnbó náà ló máa jù ú sílẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, kíátékà wá kí mi. Àga onítìmùtìmù mi ló ń wò, kò wo ojú mi.

"Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ akọ̀wé rí. Òkè nìkan ni lẹ́tà mi dé. Ṣé òyìnbó ò ní orúkọ fún ẹni tó ń mú ti ìsàlẹ̀ ni?"

Mo pa ojú dé bí ẹni ń rántí. "Ìsàlẹ̀... ọ́ńdà ni. Fi tékà tì í."

"Ọ́ńdátékà!" Ó lá ètè. "Ṣé ó ju kíátékà lọ?"

"Fíìfíì! Olówó, tálákà, ọba, ìjòyè, kò sí ẹni tí kò ní bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Ohun tó bá sì ti gbà, ẹnìkan kì í padà wá gbà á."

"Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láyé, ẹ fi í pa mọ́ fún mi!"

Ẹ lọ yẹ ọ̀rọ̀ mi wò lẹ́yọ lẹ́yọ. Mi ò parọ́ kankan fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó pe ẹni tó ń kọ pátákó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ́ńdátékà yìí dá yín lójú?"

"Fi Àgbà tì í! Kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹni tó wà ní ìkòríta rí i."

Èmi náà tẹ ìyá onílé láago, mo ní kó bá wa yọjú láàárọ̀ Fúráìdè.

Fúráìdè pé. Kíátékà mú okùn wá dì mọ́ àga mi, gbogbo ilé ti jáde wá wòran. Ni lọ́rì kan bá fi ẹ̀yìn wọ àgbàlá. Ọkùnrin mẹ́fà gbé nǹkan gbọọrọ kan sọ̀ kalẹ̀, aṣọ funfun bò ó látòkè délẹ̀, ọwọ́ ìdìmú idẹ nìkan ló yọ jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, a rí pátákó yín," ni èyí àgbà inú wọn wí, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ṣé ẹ̀yin ni ọ́ńdátékà?"

"Èmi ni àgbà wọn."

"Bàbá wa ni..."

"Má ṣàlàyé! Bàbá yín mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n gbé nǹkan rán sí. Ṣé ó wúwo?"

"Wọ́n sanra díẹ̀, ọ̀gá."

"Wọ́n? Wọ́n ju ẹyọ kan lọ!" Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

"Níbo lẹ máa tẹ́ wọn sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ohun tí mo bá gbà kì í jìnnà sí mi. Kò sì sí ìpadà o!"

"Àwa náà mọ̀ pé kò sí ìpadà, ọ̀gá." Ọkùnrin náà nu ojú. "Irú ìfẹ́ iṣẹ́ wo rèé! Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

Ṣùgbọ́n ibo ni àyè? Kíátékà ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó kígbe sí wa: "Ẹ kó pàǹtí yìí jáde fún mi!"

Kò pè wá lẹ́ẹ̀mejì. Fáànù jáde, áyọ́ọ̀nù jáde, agboòrùn jáde, bàtà mọ́kànlá jáde, ẹsẹ̀ òsì ni gbogbo wọn. Nígbà tí maṣíìnì jáde, aránṣọ gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tó sọnù, ó sá gun òkè.

Ẹnu ọ̀nà ni ìyá onílé dúró sí, báàgì lápá, ó ń wo àgbàlá tó di ọjà. "Ta ló kó ẹrù àwọn ènìyàn jọ báyìí?"

"Màmá, ẹ káàbọ̀! Mo ti gba ìgbéga. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n gbé rán sí mi!"

Ó fa aṣọ funfun náà yọ, fàà!

Pósí ni. Ó ń dán bí dígí.

"Ta... ta ló wà nínú ẹ̀?"

"Bàbá wa ni, ọ̀gá. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n dákẹ́. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ọ́ńdátékà ni yín, asìnkú?"

"Ẹ gbé e lọ!"

"Ẹ ní kò sí ìpadà."

Kíátékà fò yí padà láti sá. Ìdì kọ́kọ́rọ́ bá há sára ọwọ́ ìdìmú idẹ. Ó fà á, nǹkan náà fà á padà.

"Yéè! Bàbá dì mí mú! Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀! Mo máa dá bàtà padà! Mo máa dá fáànù padà! Kíágífà ni mí! Kíágífà ni mí o!"

Ìgbànú já. Ṣòkòtò dúró ti pósí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ẹni tó ni ín sì gba ẹnu ọ̀nà jáde nínú pátá tó ti lu lẹ́yìn bí ajọ̀.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn olókùú, mo sì mú wọn dé ọ̀dọ̀ asìnkú gidi tó wà lójúlé kẹta sí wa. Èyí àgbà inú wọn ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá wa fẹ́ràn ẹ̀rín, sà," ó ní. "Kò sí bí inú wọn ò ṣe ní dùn."

Nígbà tí mo padà dé, ìyá onílé ti wà lórí àga mi, okùn ṣì wà lára rẹ̀. Lókè, maṣíìnì ti ń pariwo nídìí apá aṣọ kejì.

"Kíátékà mi dà?" ó bèèrè.

"Ó ti lọ, Màmá."

"Báwo ló ṣe lọ?"

Olùkọ́ ń so okùn bàtà rẹ̀ méjèèjì, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Kíá."