Ọjọ́ tí Wọ́n Túmọ̀ Yorùbá Mi sí Yorùbá

Ọjọ́ tí wọ́n sọ mí di ìyàwó òyìnbó ní Ìkẹjà ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, tí mo bá rántí rẹ̀ nídìí iná, ọbẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Àfín ni mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n Agége ni wọ́n bí mi sí. Tí mo bá ń kọjá ládùúgbò, àwọn ọmọdé á máa pariwo "òyìnbó" tẹ̀ lé mi. Nínú ọkọ̀, àwọn ìyá mìíràn á fa ọmọ wọn mọ́ra kí ara mi má baà kan tiwọn.

Ayé ológun la wà nígbà náà, ìgbà Sáàpù tí gbogbo nǹkan gbówó lérí, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lé èèyàn ju bí wọ́n ṣe ń gbà lọ. Mo gbọ́ pé ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà ń wá àwọn obìnrin tí yóò máa di bisikíìtì sínú páálí. Mo wọ ìró àti bùbá lọ síbẹ̀. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Irú yín ò lè dúró nídìí ẹ̀rọ. Ẹ máa lọ."

Ó dùn mí dọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ìmúra mi ni ò dáa tó, ó wá yá mi ní gáùn òkìríkà kan tó balẹ̀ dáadáa, ó sì fi àkẹtẹ̀ fífẹ̀ kan kún un. Mo fi awò dúdú bojú, torí oòrùn kì í jẹ́ kí n lajú. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin láti Agége, mo tún forí lé ibẹ̀.

Àwọn tó ń wáṣẹ́ ti tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá ògiri nínú oòrùn. Bí mo ṣe fẹ́ lọ dúró sẹ́yìn wọn ni géètì ṣí gbàgà. Bàbá tó lé mi lọ́jọ́sí na ara gbọnran bíi sójà, ó ní, "Welcome, Madam!" Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ló ń kí. Kò sẹ́nìkankan.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tó fà á. Wọ́n fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ tuntun fún àwọn lébìrà lọ́jọ́ náà, ìyàwó òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá ni yóò sì gé ríbọ́ọ̀nù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun ni, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò tíì rí i rí.

Máníjà tó ń gbani síṣẹ́ sáré jáde, táì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó tẹrí ba, ó mú mi wọ yàrá kan tó tutù bí omi yìnyín, ó fi mí jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó ní kí wọ́n gbé tíì àti mítípáì wá.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, isẹ́ ni mo wá wá." Bí a ṣe ń pè é nílé wa nìyẹn, ẹnu ará Ògbómọ̀ṣọ́ kì í pe "iṣẹ́" bíi ti ará Èkó.

Máníjà pàtẹ́wọ́, ó yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. "Ṣé o gbọ́ ọ? Mádáàmù ti ń kọ́ Yorùbá! Ahọ́n wọn ni ò kàn lè yí i dáadáa."

Mo tún un sọ, díẹ̀díẹ̀. Òun náà fi Gẹ̀ẹ́sì yìn mí, díẹ̀díẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo jẹ mítípáì náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, awọ ara yìí ò bá mi gba àga níbì kankan rí.

Kí n tó gbé tíì mì tán, wọ́n ti mú mi dé ilé oúnjẹ tuntun náà. Páànù lásán ni, kò ní fáànù, kò ní fèrèsé. Òdìkejì rẹ̀ ni ilé oúnjẹ àwọn ọ̀gá wà, gíláàsì yí i ká. Àwọn òṣìṣẹ́ ti dúró ṣìkìtì. Wọ́n fún mi ní sísọ́ọ̀sì kan tí kò mú rárá. Mo gé e, kò gé. Ojú tì mí, mo bá fi eyín já ríbọ́ọ̀nù náà. Ni Máníjà bá ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú wọn nìyẹn, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́.

Wọ́n gbé ìrẹsì tí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ jẹ wá kí n tọ́ ọ wò. Mo wo inú àwo náà títí. Ó bọ́ lẹ́nu mi: "Ẹran dà?"

Ariwo sọ! Máníjà nawọ́ sókè. "Mádáàmù ní ìrẹsì náà ń ta sánsán!"

Òṣìṣẹ́ kan ní, "Ọ̀gá, a gbọ́ ohun tí wọ́n sọ o."

"Kí lo gbọ́? Ṣé o gbọ́ Yorùbá òyìnbó jù mí lọ ni?"

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ di wàhálà. Mo kọjú sí èrò, mo ké: "Ẹ gbà mí o! Èmi kì í se òyìnbó. Àfín ni mí. Agége ni mò ń gbé!"

Máníjà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mádáàmù ní òun fẹ́ràn Agége púpọ̀. Ó ní kí ẹ tẹra mọ́ṣẹ́."

Obìnrin kan níwájú rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ni bàbá kan bá pariwo látẹ̀yìn, "Ọmọ ilé wa ni o, ẹnu ẹ̀ ti jẹ́wọ́! Ta ni bàbá ẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́?" Inú bí Máníjà. Ó ní bàbá náà ti tàbùkù àlejò, kí ó kó ẹrù rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ̀rín sá lẹ́nu gbogbo wa. Ta ló máa rí iṣẹ́ míì nígbà Sáàpù? Mo di apá aṣọ Máníjà mú, mo ń bẹ̀ ẹ́, omi ń bọ́ lójú mi. Ó ní kí wọ́n wo bí àánú ṣe pọ̀ nínú Mádáàmù tó.

Ibi tá a wà nìyẹn tí òyìnbó ọ̀gá fi wọlé, ó di obìnrin kan lọ́wọ́ mú. Obìnrin náà dúdú dáadáa, ó wọ ańkárá, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bí òjò. Òyìnbó ní ìyàwó òun nìyí o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ọkọ̀ rẹ̀ bà jẹ́ ní Ìlúpéjú, ó wọ bọ́ọ̀sì wá, Bàbá géètì sì ní kó lọ tò sẹ́bàá ògiri, nítorí Mádáàmù làwọn ń retí. Àárín àwọn tó ń wáṣẹ́ ni ọkọ rẹ̀ ti rí i.

Máníjà wo obìnrin náà, ó wò mí. Ó tún tẹrí ba fún mi, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé ta wá ni mí.

"Isẹ́ ni mo wá wá, sà."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó yé e. "Ọ̀daràn! O pe ara rẹ ní òyìnbó!"

"Ìgbà wo, sà?"

Bàbá géètì, tó ti tẹ̀ lé wọn wọlé, gbá mi mú, àkẹtẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ṣùkú tí mo dì sórí hàn síta. Ìyàwó ọ̀gá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀! Àbúrò, kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

Mo ní, "Mo sọ ọ́, mà. Wọ́n ń túmọ̀ mi ni."

Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Ọkọ rẹ̀ bi Máníjà pé kí la sọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, Máníjà ò rí nǹkan kan túmọ̀.

Ìyàwó ọ̀gá ò jẹ́ kí wọ́n lé bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ní kí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ojú lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Tí ojú wọn bá ti parí ẹjọ́, ẹnu rẹ ò lè sọ nǹkan kan mọ́. Mo pẹ́ níbi iṣẹ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan sì ni Máníjà máa ń bá mi sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó gbàgbé ara rẹ̀, ó fi Yorùbá kí mi. Mo ní, "Dáadáa ni, sà. Ilé ńkọ́?"

Ó dúró, ó wò mí, ó mirí. "Ó dáa gan-an," ló wí. "Yorùbá ẹ ti ń já geere."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ǹ bá tún ṣe?