Ayàwòrán Tó Ṣọ́ Ẹyẹ

Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí kì í lo oògùn lóko ti ṣèlérí fún Ìyá Bilkissou pé àwọn yóò rán ẹnì kan sí i, tí yóò bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Géńdé ni ìyá ń retí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ lórí sẹ́mí, alùpùpù akérò, níwájú oko rẹ̀ ní Pira tín-ín-rín lápá, bàtà rẹ̀ funfun, àpò ẹ̀yìn rẹ̀ sì wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá." Ó dọ̀bálẹ̀. "Zoubérou ni mò ń jẹ́, Àjàṣẹ́ ni mo ti wá. Oúnjẹ àti ẹní nìkan ni mo fẹ́."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Kí ló wà nínú àpò tó wúwo báyìí?"

"Ọ̀dà ni, Ìyá."

Ìyá sún sẹ́yìn. "Ọ̀dá? O gbé ọ̀dá wá sóko mi, nígbà tí ìrẹsì mi ṣì ń fẹ́ omi?"

"Rárá o! Ọ̀dà ni mo wí, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ilé. Ayàwòrán ni mí."

"Awòran? Òṣìṣẹ́ ni mo bẹ̀ wọ́n fún, wọ́n wá fi awòran ránṣẹ́ sí mi!"

"A-yà-wò-rán, Ìyá. Mo máa ń ya nǹkan. Ẹwà ni mò ń wá kiri."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀wà lò ń wá, o dé ibi tó wà. Ó ń bẹ lórí iná."

Zoubérou la ẹnu láti ṣàlàyé. Òórùn ohun tó wà lórí iná kàn án nímú. Ó pa ẹnu dé.

Nígbà tó jẹun tán, ìyá mú un lọ sí etí oko ìrẹsì. Àwọn ẹyẹ ẹ̀ga ń pariwo lórí igi.

"Bilkissou ọmọ mi ló máa ń bá mi ṣiṣẹ́ níbí. Ó ti lọ sílé ọkọ ní Djaloukou. Lọ́dún tó kọjá, ẹyẹ jẹ ìdajì oko yìí. Bí wọ́n bá tún jẹ ẹ́ lọ́dún yìí, àbúrò ọkọ mi ní òun yóò gba ilẹ̀ náà gbin òwú. Oògùn ni yóò sì máa fín sí i." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ogún ọdún rèé, n kò fi oògùn kan ilẹ̀ yìí rí. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, jókòó síbí. Ẹyẹ wọ̀nyí, ṣọ́ wọn fún mi dáadáa."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. N kò ní gbójú kúrò lára wọn."

Ìyá lọ da ìgbẹ́ ewúrẹ́ sídìí ata lódìkejì. Nígbà tó fi padà dé lọ́sàn-án, ẹyẹ ti bo ìrẹsì débi pé orí rẹ̀ ń tẹ̀. Zoubérou jókòó síbi tó fi í sí gẹ́lẹ́, ìwé ńlá lórí itan rẹ̀, kò mira.

"Zoubérou! Kí lò ń ṣe?"

"Ẹ rọra, Ìyá. Wọ́n á fò."

"Wọ́n á ṣe kí ni?"

"Ẹ ní kí n ṣọ́ wọn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣọ́ wọn, kò sí ọ̀kan tó sọnù. Wọ́n tiẹ̀ ti pọ̀ sí i."

"Ìrẹsì ni kí o ṣọ́! Kí àwọn ẹyẹ yà ni mo fẹ́!"

"Mo ti yà wọ́n, Ìyá. Mẹ́rìnlá." Ó gbé ìwé sókè kí ìyá lè rí i.

Ìyá kàn ranjú wò ó. Zoubérou pa ìwé dé, ó dìde, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

Ìyá pàtẹ́wọ́, ẹyẹ fò. Ó já orí ìrẹsì kan tó ti ṣófo, ó nà án sí i. Òun gan-an kò mọ̀ bóyá ìbínú ló ń ṣe òun tàbí ẹkún.

"Ẹ dárí jì mí, Ìyá. Ẹ fún mi ní igbá kan, igi méjì, àti aṣọ tí ẹ kò wọ̀ mọ́. N ó ṣe ohun tí wọ́n á máa sá fún."

"Kó burú o."

"Á burú."

"Kó burú débi pé bí mo bá yọ sí i lójijì, èmi náà á sá."

Ìyá kó wọn fún un, ó sì lọ sílé. Nígbà tó kírun Aláásárì tán tó padà dé, kò gbọ́ ariwo ẹyẹ kankan. Ẹnì kan dúró láàárín oko, ó na apá méjèèjì, ó ró ìró ìyá àtijọ́. Ìyá sún mọ́ ọn. Lára igbá tó jẹ́ orí rẹ̀, ojú ranjú, iwájú orí hunjọ, ẹnu là bí ẹni fẹ́ kígbe, eyín kan kò sì sí lókè.

"Zoubérou. Ta nìyí?"

Zoubérou rọra fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Mo ní kó burú!"

"Mo gbìyànjú, Ìyá! Mo kọ́kọ́ ya iwin, ẹyẹ kan wá bà lé e lórí. Mo pa á rẹ́, mo ya kìnnìún, ẹyẹ mẹ́ta bà lé e. Ni mo bá rántí ojú tí ẹ fi wò mí lọ́sàn-án. N kò tíì ya ojú kejì tán tí gbogbo wọn fi gba ọ̀nà Tchetti lọ."

Ìyá fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó jókòó sórí ebè, ó fọwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"Wá jókòó. Láti ìgbà tí Bilkissou ti lọ, kò sẹ́ni tó wo ojú mi débi tí yóò fi mọ bó ti rí. Ọ̀sẹ̀ mélòó lo ní o fẹ́ lò?"

"Méjì, Ìyá. Àfi bí ẹ bá fẹ́ kí n..."

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Oṣù kan ni ìrẹsì yóò fi gbó. Ẹni tó bá lọ kó tó gbó kò ní jẹ níbẹ̀. Ohun tí mo wí nìyẹn."

"Mo ti gbọ́, Ìyá. Oṣù kan."

Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo oko. Nígbà tó ṣe, ìyá fi ahọ́n wá àlàfo ẹnu rẹ̀ kàn.

"Zoubérou."

"Ìyá."

"Ọ̀dà funfun rẹ, ṣé ó ti tán ni?"

"Kò tán, Ìyá. Ó ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ."

"Ó ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ, o wá jẹ́ kí gbogbo ẹyẹ Pira mọ̀ pé eyín mi ti ká!"