Ahun Tó Wọ Bàálù Dé Tchaourou

Ta ni kò mọ Aladji Abdoul-Kader ní Tchaourou? Erin tí ń wọ bàtà aláwọ ejò! Òjò tí ń rọ̀ sí oko ara rẹ̀ nìkan! Mẹ́kà kò mọ̀ ọ́n o. Ibi tó jìnnà jù tó dé ni pápákọ̀ òfurufú Cotonou, níbi tó ti lọ sin ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sọ́nà. Bàbá wọ bàálù lọ sí Mẹ́kà, ọmọ wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, àwọn méjèèjì sì jọ di Aladji lọ́jọ́ kan náà.

Kajú ni Aladji ń rà, kajú ló ń tà. Ohun tó sì ń dà á láàmú lọ́dún yìí ni àga ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olóko kajú. Tonton Zakirou, àgbà tó wà lórí àga náà, ti ní orúnkún òun kò gbé òun mọ́, kí wọ́n yan ẹlòmíràn kí Tábáskì, ọdún Iléyá, tó dé. Láti ọjọ́ tí Aladji ti gbọ́ ọ ni oorun ti dá lójú rẹ̀.

Kí ni èèyàn fi ń han ará ìlú kí wọ́n tó yàn án? Ẹlòmíràn á fi oko rẹ̀ hàn. Ẹlòmíràn á fi ìwà rẹ̀ hàn. Aladji wo oko rẹ̀, igbó ni. Ó wo ìwà rẹ̀... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ló bá jókòó ti fóònù rẹ̀, ó ń wo fídíò, ó wá rí òyìnbó kan tó ń sin ahun nínú ilé. Háà! Odidi yàrá fún ahun! Gílóòbù ń tàn lé e lórí, omi wà nínú àwo pẹrẹsẹ, ewé tútù wà níwájú rẹ̀, ahun jókòó bí ọba tó ń gba ìwúre.

Aladji lu àtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní irú ahun yìí, ta ló máa ní kò tó ààrẹ?

Yàrá ló kù. Yàrá kò wọ́n nílé Aladji, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà ojú irin, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ti lè yọjú wò. Yàrá yẹn ni Zoulfath, ìyàwó rẹ̀, ti ń ránṣọ.

"Ìyá Karimath, gbé máṣíìnì rẹ bọ́ síta."

"Síbo, Bàbá Karimath?"

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Atẹ́gùn wà níbẹ̀. Atẹ́gùn dára fún aránṣọ."

"Òjò náà wà níbẹ̀."

"Àlejò òkè òkun ni ń bọ̀, ìwọ ń sọ̀rọ̀ òjò! Bí wọ́n bá ti yàn mí tán, o gba yàrá rẹ padà. Ṣùgbọ́n tí o bá la ẹnu nípa àlejò mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wàá ti máa ránṣọ títí Karimath á fi di ìyá àgbà."

Kì í ṣe pé Zoulfath kò lè jà. Àmọ́ aṣọ Tábáskì ìdajì àdúgbò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó sì ru ẹyin lórí kì í bá èèyàn wọ̀yá ìjà lójú ọ̀nà. Ó gbé máṣíìnì, ó gbé àpò òwú, ó jáde.

Ọjọ́ tí àlejò dé, bàálù kankan kò balẹ̀ sí Tchaourou. Bachirou ló dé, àgbẹ̀ oníkajú láti abúlé Goro, lẹ́yìn zémijàn, ọ̀kadà akérò, àpò kajú kan láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fa okùn jáde nínú àpò. Ahun sì wà ní ìdí okùn.

"Ìdí ebè iṣu ni mo ti bá a, Aladji, lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́."

Ahun ọ̀hún kò tóbi ju abọ́ ẹ̀kọ lọ. Irú èyí tó ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn ni, tí ẹ̀rù bá bà á, á ká ìdí igbá rẹ̀ wọlé, á ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́lé pa! Ẹranko tó ń múni lórí yá gan-an ni, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Goro tí kò mọ̀ ọ́n. Bachirou sì ti ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é lágbègbè wa: ó ti lu ihò kékeré sí etí igbá rẹ̀, ó fi okùn bọ̀ ọ́, ó so ó mọ́ ìdí máńgòrò kó má baà sá lọ.

"Bachirou," ni Aladji wí, "láti òní lọ, o kò rí i rí."

"N kò rí kí ni, Aladji?"

"O kò rí ahun rí!"

"Láyé mi?"

"Láyé rẹ!"

Bachirou gba owó rẹ̀, ó lọ. Zoulfath rí gbogbo rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rí i tí ọkọ rẹ̀ gé okùn kù kúkúté, tó yọ́ àbẹ́là dí ihò, tó sì fi pólíìṣì bàtà dúdú kun ẹ̀yìn ahun títí ó fi ń dán bí mọ́tò òṣèlú. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ lórúkọ: Excellence.

Ẹ wá wo ààfin Excellence! Karó funfun, ìyẹn táìlì, nílẹ̀. Òdòdó oníke ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fọ́tò Aladji gbàgàdà lára ògiri, kí Excellence lè mọ ojú ọ̀gá rẹ̀. Gílóòbù pupa tí àwọn aládìyẹ fi ń mú ara òròmọdìyẹ gbóná wà lókè orí rẹ̀, nítorí pé òyìnbó inú fídíò ní irú rẹ̀. Lójú ooru Tchaourou, tí aláǹgbá fúnra rẹ̀ ń wá ibòòji! Nígbà tí Excellence wá ń mí hẹlẹhẹlẹ, Aladji gbé fáànù sí òdìkejì. Gílóòbù ń mú un gbóná, fáànù ń mú un tutù, fíríìjì ìyàwó sì gba ìsinmi, torí iná ilé kò lè gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Aladji ń ra ewé sàláàdì wá láti Parakou. Excellence kò bojú wò ó. Ẹ̀yìn òdòdó oníke ló máa ń wà, á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ pa, á fi ìdí kọ ìjọba. Àfi tí Aladji bá ti jáde. Zoulfath á ju èèpo máńgòrò sí i, ahun á sì sáré, àní á sáré, bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé.

"Jẹun, ìwọ náà," ni Zoulfath á wí. "Wọ́n lé mi jáde, wọ́n tì ọ́ mọ́lé. Ọ̀kan náà ni wá."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, eruku ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ́ sójú aṣọ. Òjò sì dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan láìkan ilẹ̀kùn, ó lu léèsì Rahamatou, oníbàárà rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

"Zoul! Léèsì mi rèé bí àkísà ìnulẹ̀! Ta ló ń gbé inú yàrá rẹ?"

"Excellence."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń jẹ èèpo máńgòrò, ó ń sùn."

"Ó mà jọ ọkọ mi o. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi: tí aṣọ yìí kò bá ṣe é wọ̀ ní Tábáskì, màá gbé e fún aránṣọ ìsàlẹ̀ ọjà. Èmi nìkan sì kọ́ o."

Zoulfath fún omi inú léèsì náà dànù. Aránṣọ tí àwọn oníbàárà bá fi sílẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, ta ni yóò bá a ránṣọ lẹ́yìn ọdún?

Aladji kò gbọ́ ti ẹkún aṣọ. Ó ń rìn káàkiri. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó ní Seychelles ni ahun òun ti wá. Ní ẹnu mọ́sáláṣí, ó ti di Madagascar. Nígbà tó fi máa dé Tchatchou, ahun ti gba Switzerland kọjá. Àgbà ahun! Ọmọ ọgọ́fà ọdún! Ó ti gbọ́n kí wọ́n tó la ojú irin! Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ahun ní, ṣùgbọ́n ẹnu Aladji ló fi rìn yí ayé ká.

Ó wá mú ọjọ́ kan tí gbogbo ìlú máa wá kí Excellence.

"Ìyá Karimath, lọ bá mi pe èèyàn. Tonton Zakirou. Gbogbo olóko kajú. Àti gbogbo ẹni tó bá ti ń wọ aṣọ ìjọba. Ọlọ́pàá, aṣọ́bodè, ẹ̀ṣọ́ igbó."

"Bàbá Karimath, ẹ̀ṣọ́ igbó kẹ̀?"

"Aṣọ wọn yẹn, aláwọ̀ ewé, ó máa ń yọ nínú fọ́tò."

"Àbí àwọn kọ́ ló ń mú ẹni tó bá—"

"Ìyá Karimath! Ẹnu rẹ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ."

Zoulfath fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, ó kúnlẹ̀ kí Lieutenant Èyítáyọ̀, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló jẹ́ tirẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, Lieutenant, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ dí yín lọ́wọ́."

Ọjọ́ pé. Èrò kún yàrá, èrò rọ̀ mọ́ fèrèsé. Aladji yọ nínú agbádá bazin funfun tó le gbagidi bí pátákó. Ó gbé Lieutenant Èyítáyọ̀ jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tonton Zakirou. Ó fa gílóòbù sọ̀kalẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìn Excellence, kí ó lè dán nínú fọ́tò.

"Ẹ̀yin ará! Ẹni tó lè bọ́ ẹran òkè òkun, ṣé ẹgbẹ́ olóko kajú ni kò ní lè bọ́?"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Lieutenant bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ahun dáadáa.

"Ó mà rẹwà o, Aladji. Níbo lẹ ní ó ti wá?"

"Seychelles, Madame! Bàálù ló gbé e. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi gbà á ní Cotonou."

"Ó dára. Ẹran ìgbẹ́ tó bá gba òkè òkun wọlé, ìwé ló máa ń bá a rìn. Ìwé yín dà?"

"Ìwé?"

"Ìwé."

"Ahun kò kàwé, Madame."

Èrò rẹ́rìn-ín. Aladji rò pé àwàdà òun ló dùn mọ́ wọn, ó rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Lieutenant kò rẹ́rìn-ín.

"Aṣọ́bodè ńkọ́? Kí lẹ fi hàn wọ́n?"

"Mo... mo kí wọn. Mo kí wọn dáadáa."

"Voilà. Ẹni tó bá kó ẹran ìgbẹ́ wọ̀lú láìní ìwé, adájọ́ ni yóò lọ máa kí dáadáa." Ó na ọwọ́ sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà lára bẹ́líìtì rẹ̀.

Òógùn bo Aladji. Òógùn bo ahun náà, tàbí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀: pólíìṣì ló ń yọ́. Gílóòbù ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kán dúdú kan bọ́ sórí karó funfun, tó! Òmíràn tẹ̀ lé e, tó! Àbẹ́là inú ihò yọ́ ṣàn, kúkúté okùn Goro sì yọrí jáde bí ọmọ tó jí lójú oorun.

Rahamatou ló kọ́kọ́ rí i láti ojú fèrèsé.

"Yéè! Ẹ wo ihò okùn! Ṣé ní Seychelles náà ni wọ́n ti ń so ahun mọ́ ìdí máńgòrò?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ ti Aladji wọ bàálù. Òtítọ́ gun zémijàn láti Goro, òun ló sì ṣáájú dé.

Aladji wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Aladji wo èrò. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló bà á lẹ́rù jù.

"Madame, ẹ má dè mí! Kò wá láti òkè òkun! Ahun Goro ni! Ahun ìdí iṣu lásán! Bachirou tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn ló gbé e wá nínú àpò kajú! Bachirou, sọ fún wọn!"

Bachirou ṣí fìlà, ó wolẹ̀.

"Ẹ má bínú, Aladji. Ẹ ní n kò rí ahun rí láyé mi."

Ẹ̀rín bú jáde débi pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ fèrèsé ń bi ara wọn pé kí ló dé. Lieutenant gbé ọwọ́ sókè.

"Bachirou, èmi pẹ̀lú rẹ máa ríra. Aladji, ti bàálù ti tán. Ó ku ti igbó. Ta ló fún yín láṣẹ láti ra ẹran ìgbẹ́, kí ẹ tì í mọ́ yàrá?"

"Èmi kọ́!" ni Aladji ké. "Ìyàwó mi ló rà á! Ó fẹ́ fi se ọbẹ̀!"

Gbogbo ojú yí sí Zoulfath. Ìtanràn tí ọkọ ń sá fún ló ń tì sí i lọ́rùn yẹn, níwájú àwọn tó ń bá ránṣọ. Ó yọ okùn tó fi ń wọn aṣọ kúrò lọ́rùn, ó ká a wé ìka.

"Lieutenant, èmi kò ní nǹkan kan nínú yàrá yìí. Ohun tí mo ní wà lọ́dẹ̀dẹ̀, òjò sì ti pa á. Ẹni tó ni yàrá, fọ́tò rẹ̀ ló wà lára ògiri yẹn."

Gbogbo èèyàn gbójú sókè wo fọ́tò. Fọ́tò náà ń rẹ́rìn-ín.

Tonton Zakirou fi ọ̀pá dìde.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́. Ẹni tó mú ahun Goro, tó ní láti òkè òkun ló ti wá, tí a bá gbé kajú wa lé e lọ́wọ́ lónìí, lọ́la yóò ní láti Chine ni òun ti rà á, yóò sì tún un tà fún wa. Ó sì jọ pé orúnkún mi yìí ṣì lè gbé mi díẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún orúnkún Tonton ju bí wọ́n ti pa á fún Excellence lọ.

"Ẹ gbé e, Aladji," ni Lieutenant wí. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dá a padà sí igbó Goro lójú mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó bá wa dé ọ́fíìsì."

Aladji bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ahun sókè mọ́ àyà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ahun rí, ẹ mọ ohun tó ń ṣe tí ẹ̀rù bá bà á! Gbogbo omi tó ti mu nínú àwo pẹrẹsẹ láti ọjọ́ tó ti dé, Excellence dá a padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tú u sójú bazin funfun. Pólíìṣì dúdú parí iṣẹ́ yòókù.

Báyìí ni Erin tí ń wọ bàtà aláwọ ejò ṣe gun ẹ̀yìn zémijàn, agbádá lẹ̀ mọ́ ọn níkùn, ahun láàárín apá, mọ́tò ẹ̀ṣọ́ igbó lẹ́yìn. Àwọn ọmọdé tò sí ẹ̀bá ojú irin, wọ́n ń pariwo: "Seychelles! Aladji Seychelles!" Orúkọ yẹn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Òun kúkú ni kì í fẹ́ orúkọ kékeré.

Kí eruku zémijàn tó rọlẹ̀, máṣíìnì Zoulfath ti wọlé. Ó yọ gílóòbù. Ó fi fáànù sílẹ̀. Ó gbá karó funfun, ó rí i pé ó dára gan-an fún wíwá abẹ́rẹ́ tó bá bọ́. Ó fi léèsì Rahamatou kọ́ ìṣó tó wà lórí fọ́tò, léèsì sì bo ẹ̀rín náà mọ́lẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Aladji fi ẹsẹ̀ rìn dé. Èrò ṣì wà níta. Ó fara pamọ́ sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ìyá Karimath, jẹ́ kí n wọlé jókòó díẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò mí."

Zoulfath kò gbé orí sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ lórí máṣíìnì, abẹ́rẹ́ ń sọ kẹkẹkẹkẹ.

"Ìwé yín dà?"