Bí Akínrógundé Ọmọ Bánkọ́lé Ṣe Ṣẹ́gun Àpótí Kílò Mẹ́tàlélógún

Kí n tó sọ ohun tí ó ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí ó jẹ́, nítorí irú iṣẹ́ akin báyìí kì í ti ọwọ́ ẹni tí kò ní ìdílé jáde. Akínrógundé ni mo ń wí, ọmọ Bánkọ́lé, ọmọ ọmọ Látìnwò ará Ọ̀fà, Látìnwò abẹ̀yìn-gbọọrọ tí ó ja ìjàkadì ní ojúde ọba fún ọdún mẹ́tàdínlógún tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rí, àfi nígbà tí ó bá fẹ́ sùn. Látìnwò yìí ni ó bí Bánkọ́lé, òkè-ènìyàn, ẹni tí ó fi orí kan ṣoṣo sọ àpò iyọ̀ méjì kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, tí ó sì padà dé ilé kí omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ tó tutù. Ọmọ náà ni Akínrógundé, ọ̀gá ẹrù, baba àpò, atẹrù-má-fọ̀ọ́kan, tí ó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n to ẹrù sínú ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Ọ̀fà, láti orí iṣu dé orí abọ́ tánganran, tí abọ́ kan ṣoṣo kò fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi Ọlágòkè tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni àbúrò ìyàwó rẹ̀, èmi náà sì ni mo wa mọ́tò ní ọjọ́ ogun. Ẹni tí ó bá rò pé mo bù mọ́ ọn, kí ó lọ bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè.

Ìbíwùnmí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, ìyá Ọlábọ̀sípọ̀. Ọmọ wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Sípọ̀, ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Liverpool. Nígbà tí ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀ pé ogójì ọdún, ó gba àyè fún wọn nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tí ó ń gbé àwọn tó fẹ́ gbafẹ́ káàkiri òkun. Wọn yóò lo ọjọ́ méje, láti Liverpool dé àwọn erékùṣù tí ó wà lókè Scotland, òun náà yóò sì bá wọn lọ. Ohun kan ṣoṣo tí ó ṣòro níbẹ̀ ni pé oṣù Ọ̀wàrà ni ibi iṣẹ́ fún un ní ìsinmi, ìyẹn ìgbà ìwọ́wé, tí ooru ti lọ nílẹ̀ òyìnbó, tí òtútù kò sì tíì pinnu bóyá òun yóò jókòó. Ó ṣàlàyé fún wọn lórí fóònù pé oòrùn lè ràn ní òwúrọ̀, kí òjò dé kí èèyàn tó jẹun tán, kí afẹ́fẹ́ gbé òjò lọ, kí kùrukùru sì bo gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé aṣọ kan tí ó nípọn bí ògiri. Kí wọ́n kó èyí tí wọ́n lè wọ̀ lé ara wọn, kí wọ́n máa bọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọjọ́ bá ṣe ń yí.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo èyí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, ó sì ní òun kò lọ. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ó lọ bá Sípọ̀ tọ́jú ọmọ tuntun, tí òtútù wọ orúnkún rẹ̀, tí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko dùbúlẹ̀ tí ọlọ́mọ tuntun wá ń tọ́jú rẹ̀. Ojú tì í nígbà náà, kò sì tíì gbàgbé. Ó ní kí ọkọ òun máa lọ, òun yóò máa wo fọ́tò.

Ìgbà náà ni Akínrógundé dìde lórí àga. Ó dìde bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin bá fẹ́ gbéra, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìró nínú oríkèé, ṣùgbọ́n tí gbogbo ẹni tó wà nítòsí mọ̀ pé kò sí ohun tí yóò dá a dúró mọ́.

“Ìyá Sípọ̀,” ó ní, “òtútù kankan kò ní kàn ọ́. Èmi fúnra mi ni n ó di ẹrù yìí.”

Ní ọjọ́ kejì ó ṣígun lọ sí ọjà Owódé, sí ìdí àwọn tí ń ta òkìríkà, níbi tí aṣọ òtútù ti ga jọ bí òkè. Ọ̀pọ̀ alágbára ọkùnrin ni ó ti wọ ibẹ̀ rí tí ó jẹ́ pé ṣòkòtò kan ṣoṣo ni wọ́n rí mú bọ̀, tí kò sì gba ìdí wọn. Akínrógundé bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkè náà, ó wà á láti téńté dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wa góòlù. Gbogbo súwẹ́tà tí ó bá mú, á fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ó mọ̀ bóyá ó ń yún ni lára, lẹ́yìn náà á gbé e sí iwájú ẹnu, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ kejì sí ẹ̀yìn aṣọ láti mọ̀ bóyá atẹ́gùn ráyè kọjá. Èyí tí ó bá jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá, ìdájọ́ ti dé bá a nìyẹn. Obìnrin tí ó ni ìsọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí bàbá dákun má fẹ́ ẹnu sí ọjà òun mọ́, nítorí àwọn oníbàárà ti ń wo òun. Ó fi sùúrù dá a lóhùn pé atẹ́gùn òkun kò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Súwẹ́tà mẹ́fà ni ajagunṣẹ́gun yìí kó bọ̀, mẹ́rin fún ìyàwó, méjì fún ara rẹ̀. Ó kó àwọ̀tẹ́lẹ̀ gígùn tí ó ń mú ara gbóná, ẹ̀wù òjò méjì, ìborùn, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tí n kò lè kà tán, àti kóòtù dúdú kan tí ó wúwo bí ẹni pé òyìnbó tó ni ín kò tíì bọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ó tún gbé agbádá sányán rẹ̀ sí i, èyí tí ó wọ̀ ní ọjọ́ tí ó fẹ̀yìn tì, nítorí Sípọ̀ ti sọ pé ọ̀gá ọkọ̀ a máa bá àwọn èrò jẹun ní ọjọ́ kan, ó sì wù ú kí ọ̀gá ọkọ̀ mọ ẹni tí òun ń bá jẹun.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ bí ọ̀tá ṣe rí. Àpótí kan ṣoṣo ni ìwé ọkọ̀ òfurufú wọn gbà fún àwọn méjèèjì, kò sì gbọdọ̀ kọjá kílò mẹ́tàlélógún. Àpótí aláwọ̀ aró ni, ó la ẹnu sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì bí ọ̀nì tí ó jẹun yó tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti nǹkan sí òun lẹ́nu mọ́. Akínrógundé to aṣọ sí i, àpótí wú. Ó fi àyà tẹ̀ ẹ́, sípì rìn dé ìdajì, ó dúró. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti ilé kejì. Àgbà ọkùnrin méjì jókòó lé àpótí kan, a di ara wa mú, a mí kanlẹ̀ pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì fa sípì náà yíká bí ẹni ń rán ojú ọgbẹ́. Ó pa dé. A rò pé ogun ti parí.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ Alhája Sìdíkátù aládùúgbò wa, tí ó ń ta ẹja tútù, tí ó sì ní òṣùwọ̀n. A fi ọ̀rá di àpótí náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹja má baà bá wọn dé Scotland. Alhája wo ojú òṣùwọ̀n, ó nu ún, ó tún un wò. Kílò mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Mẹ́fà ni ó fi lé.

A gbé e padà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ aṣọ tirẹ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ láìbínú.

“Bàbá Sípọ̀,” ó ní, “ẹ fi mí sílẹ̀ nílé. Tí mi ò bá lọ, ẹrù yín á fúyẹ́, ẹ ó sì gbádùn.”

Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ìyẹn gan-an ni ó jẹ́ kí ó dùn mí. Mo wo àna mi. Ọkùnrin tí ọkọ̀ ojú irin kò rí mì, ètè rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Ó gba súwẹ́tà ọwọ́ rẹ̀, ó dá a padà, ó wá na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó fa agbádá sányán náà yọ, agbádá ògo, agbádá tí odindi ibùdókọ̀ dìde dúró fún, ó ká a, ó gbé e padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Súwẹ́tà tirẹ̀ kan tẹ̀ lé e, àti bàtà tirẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni ó tú gbogbo ẹrù palẹ̀, ó fi ìmọ̀ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tò ó lákọ̀tun: ó ká súwẹ́tà bí ẹní, ó ti ìbọ̀sẹ̀ sínú bàtà, ó fi ìborùn dí gbogbo kọ̀rọ̀ tí ó ṣófo. Sípì pa dé láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó lé e. A tún gbé e tọ Alhája lọ. Kílò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ó ku mẹ́ta. Akínrógundé dúró láàárín páálí ẹja, ó wo àpótí fún ìgbà pípẹ́, ó wá wo ara rẹ̀ láti àyà dé ẹsẹ̀.

“Kò sí ẹni tí yóò wọn ara mi,” ó ní.

Bí a ṣe kúrò ní Ọ̀fà nìyẹn ní ìdájí ọjọ́ kọkànlá oṣù Ọ̀wàrà, tí kílò mẹ́ta ti kúrò nínú àpótí bọ́ sí ara ọmọ Bánkọ́lé. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ gígùn ni ó kọ́kọ́ wọ̀, súwẹ́tà méjì ti ìyàwó rẹ̀ gùn ún, èyí tó wà lókè jẹ́ aláwọ̀ elésè àlùkò tí wọ́n fi òwú ya òdòdó sí láyà, ẹ̀wù òjò wà lórí ìyẹn, kóòtù dúdú sì bo gbogbo rẹ̀ bí òrùlé. Ìbọ̀sẹ̀ kún àpò rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ó jẹ́ kí òun wọ ọ̀kan, kò gbà, nítorí ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sínú mọ́tò mi sì ti kú láti ọdún tó kọjá. Nígbà tí a dé Ìbàdàn, oòrùn ti gun orí wa jókòó, òógùn ń ṣàn lójú akọni náà bí omi ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n mi ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn, kò sì tú bọ́tìnì kan. Agbófinró kan dá wa dúró, ó yọjú wo inú mọ́tò, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá ilé ìwòsàn ni a ń gbé bàbá lọ.

“Ara mi le,” ni Akínrógundé wí. “Aṣọ ìyàwó mi ni mo wọ̀.”

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo òdòdó tí ó yọ lọ́rùn kóòtù. Ó ní kí a máa lọ.

Ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, wọ́n gbé àpótí sórí òṣùwọ̀n. Nọ́ńbà ń sáré, èmi kò lè wò ó. “Bàbá, ó pé gẹ́lẹ́,” ni ọmọbìnrin tí ó wà níbẹ̀ sọ. “Kílò mẹ́tàlélógún.” Akínrógundé fẹ́ gbé ọwọ́ sókè, aṣọ kò jẹ́ kí ọwọ́ kọjá èjìká.

N kò sí nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ní ọjọ́ kẹta lójú òkun, wọ́n jókòó sí ìta. Oòrùn ràn, ẹ̀gbọ́n mi bọ́ kóòtù. Afẹ́fẹ́ dé, ó wọ súwẹ́tà kejì. Òjò wẹliwẹli bẹ̀rẹ̀, ọkọ rẹ̀ fi ẹ̀wù òjò bò ó, ó di ìborùn mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn èrò sá wọlé títí ó fi ku àwọn méjèèjì. Sípọ̀ yọjú, ó béèrè bóyá kí wọ́n wọlé báyìí. Akínrógundé dìde, ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

“Ẹ jókòó,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ẹ jẹ́ ká wò ó díẹ̀ sí i.”

Nítorí náà, ní orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti jókòó lé àpótí rí kí ó tó lè pa dé, mo kéde lónìí pé Akínrógundé ọmọ Bánkọ́lé ni Balógun Àpótí, Olórí Atẹrù, Afẹ́fẹ́-òkun-wá-àyè-títí-kò-rí. Kí ẹni tí ó bá gbọ́ dìde dúró fún un. Ẹni tí aṣọ bá sì pọ̀ lára rẹ̀ débi tí kò lè dìde, kí ó jókòó síbẹ̀. A mọ̀ pé ó ti kí i.