Kábíyèsí Etí Òkun Vridi

Bí ẹ bá rí ẹni tó dúró níwájú dígí, tó ń kí ara rẹ̀ ní "ẹ káàárọ̀ sà", ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ: Léon Ọlọ́runṣògo ni. Léon Àgbá-òfìfo, a-dún-woroworo-ja-Adjamé.

Lọ́dún 1988, ọkọ̀ òkun ńlá kan kó àwọn òyìnbó afẹ́ wá sí èbúté Abidjan. Wọ́n fẹ́ rí ìlú àtijọ́ létí òkun. Madame Delphine, ẹni tó ń ṣètò ìgbafẹ́ wọn, sọ fún Léon, tó ń fi ìlú han àlejò, pé, "Tí inú wọ́n bá dùn lónìí, ẹ̀yin lẹ ó máa mú gbogbo èrò ọkọ̀ rìn kiri."

Bassam, ìlú àtijọ́ gidi, ló yẹ kí Léon kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n Bassam jìnnà, owó gbaka, bọ́ọ̀sì akérò, sì ń dùn ún bí eyín kíkẹ̀. Ló bá dá ìlú àtijọ́ sílẹ̀ ní etí òkun Vridi, lẹ́yìn èbúté níbẹ̀. Ta wá ni ọba ìlú ọ̀hún? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Adé rẹ̀: abọ́ tánganran tó fi bébà dídán inú páálí sìgá wé. Ìtẹ́ rẹ̀: àga onígbàjámọ̀, tó ń yí bírí. Aṣọ rẹ̀: àrán pupa tí Irène, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, yọ́ mú nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní ọjà Roxy, ní Adjamé. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdána wọn.

Àwọn òyìnbó dé. Lazare, ọ̀rẹ́ Léon tó di ìjòyè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ní, "Sa Majesté, Kábíyèsí wa, kò kí ẹnikẹ́ni rí."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?" òyìnbó arúgbó kan béèrè.

"Òkun ni ìyá mi," Léon dáhùn, ó yí àga. "Lọ́jọ́ tí orí mi bá kanlẹ̀, ọkọ̀ yín yóò rì."

Wọ́n ya fọ́tò ṣáá. Inú Madame Delphine ń dùn. Ibẹ̀ ni takisí kan ti dúró, tí Màmá Ọlọ́runtóyìn sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Irène ni. Irène ti jẹ́wọ́ fún un, ó wá wá àrán rẹ̀.

"Léon."

Ọba yí àga kọjú sí òkun.

"Àrán mi lo wọ̀ yẹn. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí. Ṣé orí ìjókòó lo ti fẹ́ kí mi ni?"

Léon fi igun ẹnu sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ dákun, ẹ lọ dúró lẹ́yìn igi àgbọn yẹn. Màá wá kí yín tó bá yá."

"Ó dáa. Tó o bá dé lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yìn igi àgbọn ni wàá ti lọ wá Irène."

Léon wo Madame Delphine. Ó wo àna. A kì í fẹ́ ẹyin ká máa sọ adìẹ lókò. Kó tó rò ó tán, ó ti dọ̀bálẹ̀, àyà àti orí rẹ̀ kanlẹ̀ gbì. Adé yí gbirigbiri lọ sínú omi, bébà ṣí, òdòdó ìdí abọ́ yọ sí gbangba.

Gbogbo òyìnbó kọjú sí èbúté. Ọkọ̀ wọn dúró gbagidi. Ó tiẹ̀ fọn fèrè.

"Kò rì," arúgbó yẹn sọ. "Àbí ìyá yìí gan-an ni ọba?"

"Aṣọ ni mò ń tà ní Roxy o," Màmá dáhùn. "Eléyìí ló ń tọrọ ọmọ mi."

Ẹ̀rín sọ. Àwọn òyìnbó ní Roxy làwọn fẹ́ rí. Wọ́n gbé Màmá jókòó sórí àga onígbàjámọ̀, wọ́n yí i bírí, wọ́n yà á ní fọ́tò. Madame Delphine fúnra rẹ̀ lọ dá gbaka dúró.

Nígbà tí wọ́n wọkọ̀ tán, Madame bojú wẹ̀yìn. "Monsieur Léon, ẹ dìde nílẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́."

Iyanrìn kún ẹnu Kábíyèsí. Ó gbórí díẹ̀, ó wo àna rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni Màmá wí. "N kò tíì ní kó dìde."