Òkìtì Ewé Ìyá Ìbídùnní

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Ìyeyè, ọmọdé, àgbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń sùn, kí aládùúgbò ta á jí. Ẹ̀yin ẹranko ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ etí dídi sí ọ̀rọ̀ ààfin, ẹ̀yin gan-an là ń bá wí!

Láníhùn akéde kò dá a sọ. Wọ́n rán an ni. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìkéde àárọ̀, apá kan ti yí padà. Apá wo? Ẹ fara balẹ̀!

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ààfin pe ọ̀wẹ̀ láti gbẹ́ kànga ìlú. Gbogbo ilé jáde. Ìgbín kò jáde! Ó fi ẹfun di ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sùn. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, kò dáhùn. Ọ̀pọ̀lọ́ kò jáde! Ó wọ inú ilẹ̀ lọ. Lékèélékèé wá, ṣùgbọ́n aṣọ funfun ló wọ̀ wá síbi iṣẹ́ amọ̀, ó dúró, ó ń wòran. Alángbá náà wá. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ló ń mi orí sí, kò ṣe ẹyọ kan!

Nítorí náà ni àṣẹ àárọ̀ ṣe jáde.

Èkíní: Ìgbín kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ láì dágbére fún baálé. Èyí tó bá tì í, wọn á yọ ilẹ̀kùn rẹ̀!

Èkejì: Ọ̀pọ̀lọ́ kò gbọdọ̀ ké kí Kábíyèsí tó sùn. Èyí tó bá ké, ìyà rẹ̀ ni kó máa ké títí ilẹ̀ yóò fi mọ́!

Ẹ̀kẹta: Alángbá tó bá mi orí, ó ti gbà nìyẹn. Kó ṣe é!

Ẹ̀kẹrin, èyí tó wúwo jù: abẹ́ òkìtì ewé Ìyá Ìbídùnní ni àwọn ọ̀lẹ wọ̀nyí sá pamọ́ sí. Kí wọ́n sun ún lónìí!

Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa la ti gbá, tó ń dán bí àwo. Ti ìyá yìí nìkan ni ewé kù sí. Àwọn obìnrin ń pè é ní ọ̀bùn. Ó ní òun kì í ṣe ọ̀bùn, ẹ̀yìn ló ń dun òun. Ó ní àwọn tó sùn sábẹ́ ewé òun, àlejò ni wọ́n, a kì í sun ilé mọ́ àlejò lórí.

Ta ni ààfin wá gbé iná lé lọ́wọ́? Láníhùn! Gbogbo ìgbìmọ̀ gbàgbé! Gbogbo ìgbìmọ̀ gbàgbé pé Láníhùn ló fẹ́ Ìbídùnní!

Láníhùn gbé ògùṣọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti gbé àpótí síwájú òkìtì, ó jókòó. Ta ló ń dúró ṣánṣán kí àna rẹ̀? Láníhùn dọ̀bálẹ̀. Iná wọ yẹ̀pẹ̀, ó kú! Ó padà lọ tan òmíràn. Ìyá rọra bi í bóyá ara àwọn ọmọ le. Láníhùn tún dọ̀bálẹ̀. Iná tún kú! Ó gbé ẹ̀kẹta dé, ìyá ní kí àwọn ará ààfin má ṣe fi iṣẹ́ pa ọkọ ọmọ òun. Láníhùn tún nà gbalaja.

Ibẹ̀ ló wà tí òjò fi dé. Òjò àkọ́kọ́! Ó ń rọ̀ sí i lẹ́yìn. Níwájú imú rẹ̀ gan-an ni ìgbín ti ṣí ilẹ̀kùn, ó yọ ìwo, ó jáde. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀lọ́ hú jáde nínú ilẹ̀, ó fò lé Láníhùn léjìká, ó ń ké. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n o!

Ààfin sáré wo àwọn ẹ̀yìnkùlé tó ń dán. Òjò kan náà ló rọ̀ síbẹ̀. Kò sí ohun tó jáde, àfi ẹrẹ̀! Ààfin wá rí i pé ewé ìyá ló pa àwọn ẹranko mọ́ títí òjò fi dé.

Nítorí náà, àṣẹ kẹrin ti kú, bí iná rẹ̀ ṣe kú. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ rèé: kí ọyẹ́ tó dé, kí ilé kọ̀ọ̀kan fi òkìtì ewé sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Baálé tó bá gbá tirẹ̀ mọ́ tónítóní, òun náà yóò gbé ògùṣọ̀ lọ bá ìyá ìyàwó rẹ̀!

Bí wọ́n ṣe rán Láníhùn ló ṣe jẹ́ ẹ. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tí kò sí nílé. Ẹni tó bá rí ẹrẹ̀ láyà akéde, kó má ṣe bi í. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ yín nílẹ̀ o, àwọn àlejò ìyá ti jáde!